Mọ́tò Tó Mọ Bí A Ti Ń Fi Ẹ̀yìn Rìn: Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Ọkọ̀ Alamí

Kí mọ́tò tó dé, ẹlẹ́ṣin ni ojú tí ogun fi ń ríran. Òun ni àwọn ọ̀gágun Yúróòpù máa ń rán ṣíwájú kí ó lọ wo ibi tí ọ̀tá pàgọ́ sí, bí wọ́n ti pọ̀ tó, àti afárá tí wọ́n ti wó. Kò wúlò bí kò bá padà wá jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Iṣẹ́ amí yìí ni mọ́tò onírin, ìyẹn ọkọ̀ alamí, jogún, ṣùgbọ́n ó tó nǹkan bí ogójì ọdún kí àwọn tó ń ṣe é tó fi ọ̀rọ̀ pípadà wá yìí sọ́kàn dáadáa.

Ní 1899, Frederick Simms gbé ìbọn arọ̀jò-ọta Maxim lé orí kẹ̀kẹ́ onímọ́tò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Irin pẹlẹbẹ kan níwájú ni gbogbo ààbò tó ní. Nígbà tó di 1902, ó gbé òmíràn jáde tí irin yí ká, síbẹ̀ ìjọba kò rà á. Àwọn ará Austria ṣe tiwọn ní 1904. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọkọ̀ náà ni ẹ́ńjìnnì ń yí, ilé ìbọn orí rẹ̀ sì ń yí káàkiri. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n gbé e síwájú ọba wọn, Franz Joseph, ariwo rẹ̀ kó jìnnìjìnnì bá àwọn ẹṣin, ọba sì ní nǹkan bẹ́ẹ̀ kò lè wúlò lójú ogun láéláé. Ó dùn mí fún àwọn tó ṣe ọkọ̀ yẹn, nítorí ó ti sún mọ́ ohun tí ayé padà wá ń lò.

Ogun Àgbáyé Kìíní, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1914, ló ṣí ojú wọn. Ní Belgium, Lieutenant Charles Henkart ní kí wọ́n fi irin bo àwọn ọkọ̀ Minerva, kí wọ́n sì gbé ìbọn Hotchkiss sí wọn nínú. Wọn kò fi òrùlé sí i. Wọ́n á yọ sí àwọn ẹlẹ́ṣin Jámánì lójú ọ̀nà, wọ́n á yìnbọn, wọ́n á sì sáré padà sílé. Ní Oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, àwọn Jámánì ba dè wọ́n, wọ́n sì pa Henkart.

Ní Dunkirk, ọ̀gá awakọ̀ òfuurufú àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, Charles Samson, kò ní ọkọ̀ òfuurufú tó pọ̀ tó, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi mọ́tò wo ilẹ̀, tó sì fi ń wá àwọn awakọ̀ rẹ̀ tó já bọ́. Ilé iṣẹ́ tó ń kan ọkọ̀ ojú omi nílùú náà ló gé irin tí wọ́n fi ń ṣe ìkòkò omi gbígbóná inú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi lé wọn lára. Bó ṣe jẹ́ pé àwọn ọmọ ogun ojú omi ló fi ìpìlẹ̀ ohun ìjà orí ilẹ̀ yìí lélẹ̀ fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn. Ní Oṣù Kejìlá 1914, Rolls-Royce onírin àkọ́kọ́ tó ní ilé ìbọn tó ń yí jáde, ṣùgbọ́n kòtò ogun ti gba gbogbo ilẹ̀ láti etí òkun dé Switzerland. Mọ́tò kò ríbi gbà mọ́.

Ni wọ́n bá kó wọn lọ sí aṣálẹ̀. Ní 17 Oṣù Kẹta 1916, ìjòyè Gẹ̀ẹ́sì kan, Duke of Westminster, kó àwọn Rolls-Royce yìí la aṣálẹ̀ kọjá dé Bir Hakkeim ní Libya, níbi tí àwọn Senussi, ẹgbẹ́ Mùsùlùmí tó ń bá Gẹ̀ẹ́sì jà, há àwọn atukọ̀ HMS Tara, ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, mọ́. Ebi ti sọ àwọn ẹlẹ́wọ̀n náà di ẹni tó ń jẹ ìgbín aṣálẹ̀. Nǹkan bí 90 ni wọ́n kó padà wálé láàyè.

Akíkanjú tó mọ ìjà tí kò mọ ìsá, ogun ni yóò bá lọ. Mọ́tò tó gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ ni Dingo, tí ilé iṣẹ́ BSA yà, tí Daimler sì ń ṣe. 1939 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ ní kí wọ́n ṣe 172 fún àwọn. Ènìyàn méjì péré ló ń gbé. Irin iwájú rẹ̀ nípọn tó mílímítà 30, bẹ́ẹ̀ ìbọn Bren kan ṣoṣo ni ohun ìjà rẹ̀. Ó kúrú, kò pariwo, ó sì lè sá dé máìlì 55 ní wákàtí kan. Ohun tó jọ mí lójú jù ni jíà rẹ̀: márùn-ún síwájú, márùn-ún náà ní rìfáàsì. Wọ́n tún yí àga awakọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ kí ó lè máa wo ẹ̀yìn láti èjìká bó bá ń sá. Àwọn àkọ́kọ́ ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yà, àmọ́ ó ṣòro fún awakọ̀ tí kò tíì mọ̀ ọ́n wà, ni wọ́n bá fi ti ẹ̀yìn sílẹ̀. Ó lé ní 6,600 tí wọ́n ṣe. Àwọn Ítálì tó ń bá wọn jagun pàápàá wò ó ṣe tiwọn, Lancia Lince.

Jámánì gba ọ̀nà mìíràn: àwọn ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ wọn ní awakọ̀ kejì tó kọjú sẹ́yìn. Bí nǹkan bá yíwọ́, tẹ̀yìn á gba ọkọ̀ wà lọ.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, Daimler ṣe ọkọ̀ alamí mìíràn, Ferret, láti 1952 dé 1971, òun náà ní jíà márùn-ún-márùn-ún. Èyí ni Nàìjíríà rà. Ìlú Abẹ́òkúta ni ẹgbẹ́ ọmọ ogun alamí kejì wà, tí wọ́n ń pè ní 2 Recce, ní bárékè ìlú náà sì ni ìdìtẹ̀ Oṣù Keje 1966 ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ogun abẹ́lé dé ní 1967, ìjọba àpapọ̀ kò ní ọkọ̀ táńkì. Ferret, Saladin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà àti Panhard láti Faransé ni wọ́n wá ń kó ṣíwájú nínú ìjà tí wọn kò ṣe wọ́n fún. Bíáfírà gba díẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Àwọn Bíáfírà tún fúnra wọn fi irin bo ọkọ̀ akẹ́rù àti katakata, wọ́n sọ wọ́n ní Red Devil. Wọ́n ń dẹ́rù bani, àmọ́ wọ́n wúwo, wọn kò yára, awakọ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ríran láti inú wọn. Red Devil ṣì wà ní National War Museum ní Umuahia fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó.