Bí IrfanView Ṣe Bẹ̀rẹ̀, àti Ohun Tí Kò Jẹ́ Kó Sanra

Àmì IrfanView, sọ́fítíwíà tí a fi ń wo fọ́tò lórí kọ̀ǹpútà, ni ológbò pupa kan tó tẹ́ pẹrẹsẹ, bí ìgbà tí mọ́tò gun un kọjá. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n rí lè rò pé eré ọmọdé ni.

Irfan Škiljan, ọmọ ìlú Jajce ní Bosnia, ló kọ ọ́ nígbà tó ń kàwé ní Vienna, ní Austria, ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ pè é. Ọdún 1996 ni ẹ̀dà àkọ́kọ́ jáde. Irú fáìlì àwòrán tí wọ́n ń pè ní GIF ti wà láti 1987, ìlànà irú mìíràn, JPEG, sì ti jáde ní 1992, ṣùgbọ́n irú kẹta, BMP, ni Paint, sọ́fítíwíà àwòrán yíyà inú Windows 95, mọ̀ jù. Kọ̀ǹpútà ìgbà náà kò lágbára. Orí wáyà tẹlifóònù ni íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé, èèyàn á sì jókòó ti mẹgabáìtì kan ṣoṣo fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Sọ́fítíwíà tó bá tóbi, ta ló fẹ́ dúró dè é?

Ìṣòro yẹn ti lọ, àmọ́ ìwà ìgbà náà kò kúrò lára rẹ̀. Títí di òní, mẹgabáìtì díẹ̀ ni. Àwọn irú fáìlì tí èèyàn kì í sábà rí wà nínú plugin, ìyẹn àfikún tí a ń gbé sí i lọ́tọ̀. Ẹni tó bá nílò wọn ló ń lọ gbé wọn.

Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ fọ́tò lẹ́ẹ̀kan náà ni mo fi ń yìn ín jù. Tẹ lẹ́tà B, kó fáìlì rẹ sí i, kọ image### síbi orúkọ, yóò sì máa kà wọ́n lọ: image001, image002. Ẹ ṣọ́ra bí ẹ bá ń yí ìwọ̀n fọ́tò padà: ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ “Don't enlarge smaller images” sí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò fa àwọn fọ́tò kéékèèké gùn, wọn á sì rí bàìbàì. Fódà mìíràn ni kẹ́ ẹ sì kó àbọ̀ rẹ̀ sí, nítorí JPEG ń pàdánù díẹ̀ nígbàkigbà tí a bá tún un fi pamọ́.

Ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tó ń lò ó nílé. Iléeṣẹ́ ló ń sanwó. Ojú rẹ̀ kò rẹwà, n ò ní parọ́, Windows nìkan ló sì ṣe é fún. Ẹni tó ń lo Linux tàbí Mac, XnView MP, sọ́fítíwíà irú rẹ̀, ni kó wò, láti ọwọ́ Pierre-Emmanuel Gougelet, ará Faransé.