Ṣé ká ti ọmutí mọ́lé títí ọtí á fi dá lójú ẹ̀?

Ìbéèrè: Àbúrò mi tó ń wakọ̀ ní Old Garage níbí ní Òṣogbo, kó tó fọnu láàárọ̀ ó ti da paraga sọ́fun, tí ò bá tíì mu ún ọwọ́ ẹ̀ á máa gbọ̀n débi pé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ò ní wọlé. Àwọn àgbà ẹbí ní ká tì í mọ́ yàrá fọ́jọ́ méje, oúnjẹ àti omi nìkan. Ṣó dáa bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ọtí máa ń mú kí ọpọlọ tòògbé, tó bá wá di ojoojúmọ́ ọpọlọ náà á ti kọ́ bó ṣe máa fagídí lajú sílẹ̀, ẹ wá gba ọtí lọ́wọ́ ẹ̀ lójijì, kò mọ bó ṣe máa sinmi mọ́, ni òógùn bá bẹ̀rẹ̀, kò róorun sùn, kó tó pé ọjọ́ méjì gìrì lè gbé e, láàárín ọjọ́ kejì sí ìkẹrin òmíì á máa bá ògiri sọ̀rọ̀, ara ẹ̀ á gbóná. Ibẹ̀ lẹbí á ti ní "ayé ló ń ṣe é", wọ́n á gbé e lọ sórí òkè àdúrà, ó sì lè tibẹ̀ kú.

Ìbéèrè: Ẹnì kan ládùúgbò wa jáwọ́ nínú igbó lọ́jọ́ kan ṣoṣo, nǹkan kan ò ṣe é. Ọtí tí wọn ò fòfin dè ló wá le tó yẹn?

Ìdáhùn: Bẹ́ẹ̀ ni o. Tẹ́ni tó ń mu igbó bá jáwọ́, inú á máa bí i, oúnjẹ ò ní wù ú, á kọjá. Tírámádọ̀ àti kódíìnì le jùyẹn lọ, èébì, ìgbẹ́ gbuuru, ara ríro. Ṣùgbọ́n ọtí àti oògùn oorun bíi Rohypnol, àwọn ni kì í ṣe ká dá dúró lójijì.

Ìbéèrè: Kí wá ni dókítà á ṣe?

Ìdáhùn: Wọ́n sábà máa ń fún un ní diazepam, ìyẹn oògùn tó ń mú kí ọpọlọ rọlẹ̀, wọ́n á máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, pẹ̀lú fítámì B1, torí ọtí máa ń jẹ́ kí ìyẹn gbẹ lára. Ẹ gbé e lọ sí UNIOSUN Teaching Hospital, ẹ béèrè àwọn tó ń wo àìsàn ọpọlọ. Kẹ́ ẹ tó débẹ̀ ẹ má gba ọtí lọ́wọ́ ẹ̀ pátápátá, àmọ́ kó má fọwọ́ kan mọ́tò.

Ara nìkan nìyẹn wẹ̀ o. Lẹ́yìn ẹ̀ làwọn tó ń gbani nímọ̀ràn á jókòó tì í, wọn ò ní bi í pé ṣé ojú ò tì í ni, wọ́n á bi í pé ìgbà wo ló máa ń wù ú jù, ta ló máa ń wà níbẹ̀. Ti dẹ́rẹ́bà, ó lè jẹ́ ìgbà tó bá ń dúró de tọ́ọ̀nù, ìyá oníparaga sì ń tà á láwìn. Ẹ bá a san gbèsè ìyá yẹn, kó má rí ohun tó ń gbé e yà síbẹ̀ mọ́.