Àwọn ará ìdílé ní ìlú agbedeméjì

Nínú iṣẹ́ ìkànìyàn, àwọn ará ìdílé ni gbogbo ẹni tó ń gbé inú ilé, ì báà jẹ́ pẹ̀lú ẹbí, pẹ̀lú ọ̀rẹ́ tàbí ní òun nìkan. Wọ́n yàtọ̀ sí àwọn tó wà ní ibùgbé àpapọ̀, bíi họ́sítẹ́ẹ̀lì ilé-ẹ̀kọ́, bárékè ológun, ọgbà ẹ̀wọ̀n àti ilé ìtọ́jú arúgbó. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àwọn ará ìdílé ìlú kan ṣe rí yóò bèèrè ọjọ́ orí wọn, iye ọkùnrin àti obìnrin, ẹni tó ń bá ta ni gbé, àti iye ènìyàn tó wà lábẹ́ òrùlé kan. Ní abúlé, ìdílé mẹ́ta tó bá kó lọ ti tó láti da gbogbo ìṣirò rú. Ní ìlú ńlá, ohun kékeré kì í hàn láàárín èrò. Ìlú agbedeméjì ló gba àyẹ̀wò jù, nítorí yunifásítì kan ṣoṣo tàbí bárékè kan níbẹ̀ lè mú kí gbogbo ìlú dà bí ohun tí kò jẹ́.

Bí ìlú ṣe tóbi tó

Kò sí iye kan tí gbogbo ayé fẹnu kò lé lórí pé òun ló ń sọ ìlú di agbedeméjì. Àjọ OECD, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń fọwọ́ sowọ́ pọ̀ lórí ọrọ̀ ajé, máa ń lo orúkọ yìí fún agbègbè ìlú tí olùgbé rẹ̀ wà láàárín 200,000 sí 500,000. Ìlànà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ní 2020 ń ka ibi tí èrò ti há mọ́ra mọ́ ìlú ńlá láti 50,000 lọ sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìlú kékeré láti 5,000. Ní Amẹ́ríkà, iye tó kan ẹni tó ń wá ìṣirò jù ni 65,000. Ìlú tó bá tó bẹ́ẹ̀ ni iléeṣẹ́ ìkànìyàn ń gbé àbájáde ìwádìí American Community Survey jáde fún lọ́dọọdún. Èyí tí kò bá tó, àkópọ̀ ọdún márùn-ún ló máa rí gbà. Bí iléeṣẹ́ tó gba èrò bá ti ilẹ̀kùn pa ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, tí àwọn ọ̀dọ́ sì wá iṣẹ́ lọ síbòmíràn, ọdún tí wọ́n ṣì wà níbẹ̀ máa wà nínú àkópọ̀ náà fún ìgbà díẹ̀.

Ta ni wọ́n ń kà mọ́ ìdílé?

Ìmọ̀ràn tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fún àwọn orílẹ̀-èdè lórí ìkànìyàn gbà ọ̀nà méjì láàyè. Ọ̀nà kan ń wo ìkòkò ọbẹ̀: àwọn tó ń pawọ́ pọ̀ gbọ́ bùkátà oúnjẹ àti nǹkan kòṣeémàní mìíràn ni ìdílé kan, yálà wọ́n bára wọn tan tàbí wọn ò tan. Ọ̀nà kejì ń wo ilé: gbogbo ẹni tó wà nínú ibùgbé kan di ìdílé kan, kódà bí olúkúlùkù bá ń dá se tirẹ̀. Ti ilé ni Amẹ́ríkà ń lò. Ní England àti Wales, ohun tí wọ́n ń wò láti ìkànìyàn 2011 ni bóyá àwọn tó wà ní àdírẹ́sì kan jọ ń lo ilé ìdáná, tí wọ́n sì jọ ní pálọ̀ tàbí yàrá ìjẹun. Ọ̀dọ́ mẹ́rin tó jọ háyà ilé oníyàrá mẹ́rin, tí olúkúlùkù wọn ń ra oúnjẹ tirẹ̀ tó sì ń dá a se, ìdílé mẹ́rin ni wọ́n bí a bá wo ìkòkò, ìdílé kan péré ni wọ́n bí a bá wo ilé. Ẹni tó bá fi ìlú orílẹ̀-èdè kan wé ti òmíràn láì kọ́kọ́ yẹ èyí wò, ó lè rò pé ìdílé kéré níbì kan, kó sì jẹ́ pé ọ̀nà ìkà ló yàtọ̀.

Yíyọ ibùgbé àpapọ̀ kúrò náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ní ìkànìyàn Amẹ́ríkà ti 2020, nǹkan bíi mílíọ̀nù 8.2 ènìyàn ló wà ní ibùgbé àpapọ̀, ìyẹn ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo olùgbé. Fún orílẹ̀-èdè lódindi, kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ká ní ìlú kan ní 40,000 olùgbé, tí 4,000 nínú wọn jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń sùn ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, tí ìdílé ibẹ̀ sì jẹ́ 15,000. Bí a bá pín 36,000 fún ìdílé 15,000, ènìyàn 2.4 la máa rí nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá gbàgbé tó pín 40,000, bíi 2.7 ló máa rí, yóò sì ti fi akẹ́kọ̀ọ́ kún ilé tí wọn kò dé rí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó háyà ilé láàárín ìlú ńkọ́? Ará ìdílé làwọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kíláàsì kan náà ni wọ́n jọ ń lọ pẹ̀lú àwọn ti họ́sítẹ́ẹ̀lì.

Iye ènìyàn nínú ilé

Ìpíndọ́gba ìdílé ní Amẹ́ríkà jẹ́ 5.79 ní ìkànìyàn àkọ́kọ́ ti 1790. Nígbà tó di 1940, ó ti wálẹ̀ sí 3.67, ní 2010, ó di 2.58. Àwọn adágbé náà ń pọ̀ sí i: ìdá 7.7 nínú ọgọ́rùn-ún ìdílé ni tiwọn ní 1940, ó sì di ìdá 27.6 ní 2020. Japan ti kọjá bẹ́ẹ̀, torí nǹkan bíi ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún ìdílé ibẹ̀ ló jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo ní 2020. Ohun tó fà á kò ju mélòó kan lọ: ọmọ bíbí dínkù, ìgbéyàwó ń pẹ́, ìkọ̀sílẹ̀ pọ̀, ẹ̀mí sì ń gùn débi pé opó lè gbé ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ọkọ rẹ̀. Owó ìfẹ̀yìntì tún jẹ́ kí ọ̀pọ̀ arúgbó lè dá gbé láì kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ.

Ìpíndọ́gba yìí ló máa ń ṣi àwọn tó ń kọ ìròyìn lọ́nà jù. Ká mú ìdílé mẹ́wàá. Adágbé ló wà nínú márùn-ún. Márùn-ún tó kù ní ènìyàn márùn-ún márùn-ún. Gbogbo wọn jẹ́ 30, ìpíndọ́gba wọn sì jẹ́ mẹ́ta, àmọ́ kò sí ilé kankan níbẹ̀ tó ní ènìyàn mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé ìdajì ìdílé jẹ́ ti adágbé, síbẹ̀ ènìyàn 25 nínú 30 ló ń gbé nínú ilé ẹlẹ́ni-márùn-ún. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé “ìdajì ará ìlú ló ń dá gbé” ti fi ìdílé pe ènìyàn. Ẹnì kan nínú mẹ́fà ló ń dá gbé níbẹ̀. Ìjọba ìlú tó ń kọ́lé ní láti ka ìdílé, torí ilé kan ni ìdílé kan ń gbé. Èyí tó ń ra ìwé fún ilé-ẹ̀kọ́ ní láti ka àwọn ọmọ fúnra wọn.

Ọjọ́ orí, ọkùnrin àti obìnrin

Nǹkan bíi ọmọkùnrin 105 ni wọ́n ń bí sí ọmọbìnrin 100. Àwọn ọkùnrin ló ń tètè kú, nítorí náà obìnrin máa ń pọ̀ jù láàárín àwọn àgbà, àwọn ló sì pọ̀ jù nínú àwọn adágbé tó ti dàgbà. Ìlú tó bá yàtọ̀ sí èyí máa ń ní ìdí. Bí ọkùnrin ọlọ́dún 20 sí 40 bá pọ̀ ju obìnrin lọ fíìfíì, ibùdó ìwakùsà tàbí bárékè ló sábà máa ń wà nítòsí. Bí ọlọ́dún 18 sí 24 bá yọ gan-an-ran nínú àtẹ, tí àwọn ọmọ wọn kò sì sí nínú àtẹ náà, ìlú yunifásítì nìyẹn. Ọjọ́ orí àárín, ìyẹn èyí tó pín olùgbé sí ìdajì méjì, jẹ́ 38.8 ní Amẹ́ríkà ní 2020. Ní ìlú yunifásítì ó lè kéré gan-an láì jẹ́ pé wọ́n ń bímọ níbẹ̀ ju ibòmíràn lọ.

Àwọn onímọ̀ tún máa ń fi àwọn tí kò tíì pé ọdún 15 àti àwọn tó ti lé ní 64 wé àwọn tó wà láàárín, kí wọ́n lè mọ ẹrù tó wà lọ́rùn àwọn òṣìṣẹ́. Ìṣirò náà wúlò, ṣùgbọ́n ó le: ó ka akẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́dún 20 tí òbí rẹ̀ ń bọ́ mọ́ òṣìṣẹ́, ó sì ka ìyá ọlọ́dún 68 tó ṣì ń lọ ibi iṣẹ́ láràárọ̀ mọ́ ẹrù.

Àwọn ènìyàn a tún máa sọ ọjọ́ orí ní gbèdéke, 40 dípò 38, 50 dípò 51. Ìwọ̀n Whipple ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n: wọ́n ń wo àwọn ọlọ́dún 23 sí 62, wọ́n sì ń fi ìlọ́po márùn-ún iye àwọn tí ọjọ́ orí wọn parí sí 0 tàbí 5 wé gbogbo wọn, ní ìdá ọgọ́rùn-ún. Bí àbájáde bá jẹ́ 100, kò sí gbèdéke. Bó bá jẹ́ 500, kò sẹ́ni tó dárúkọ ọdún mìíràn.

Ta ló ń bá ta ni gbé?

Ní 1880 ni ìkànìyàn Amẹ́ríkà kọ́kọ́ bèèrè bí olúkúlùkù ṣe jẹ́ sí olórí ilé. Ní 1980 wọ́n fi orúkọ olórí ilé sílẹ̀, wọ́n sì ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni tí ilé wà lórúkọ rẹ̀, yálà ó ni ín tàbí ó háyà á. Ìyípadà yìí kò mú ìṣòro àtijọ́ kúrò. Gbogbo àtẹ ló dúró lórí ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ kọ orúkọ rẹ̀. Bí ìyá àgbà, ọmọbìnrin rẹ̀ àti ọmọ méjì tí ọmọbìnrin náà bí bá jọ ń gbé, tí ìyá àgbà sì wà lókè ìwé, ọmọ kan àti ọmọ-ọmọ méjì ló ní. Bí ọmọbìnrin náà bá wà lókè, òbí kan àti ọmọ méjì ni wọ́n máa kọ sílẹ̀. Àwọn kan náà ni, inú ilé kan náà ni wọ́n sì wà, àmọ́ wọn ò bọ́ sí ojú ìlà kan náà. Peter Laslett, onímọ̀ ìtàn, àti Eugene Hammel, onímọ̀ nípa ẹ̀dá ènìyàn, ṣe ìpínsísọ̀rí kan ní ọdún 1974 tó gbìyànjú láti yẹra fún èyí. Tọkọtaya tàbí òbí pẹ̀lú ọmọ ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ń wo ìbátan tó kún un.

Ìbéèrè lórí ẹ̀yà, èdè àti ẹ̀sìn yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Faransé kì í bèèrè ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn nínú ìkànìyàn rẹ̀.

Àwọn tó máa ń sọnù nínú ìkà

Denmark ṣe ìkànìyàn 1981 látinú ìwé àkọsílẹ̀ ìjọba nìkan, láì kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Níbi tí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò sí, ọ̀rọ̀ ẹni tó dáhùn fọ́ọ̀mù ni wọ́n gbára lé. Ìwádìí tí iléeṣẹ́ ìkànìyàn Amẹ́ríkà ṣe lẹ́yìn 2020 fi hàn pé ìkànìyàn náà fo ìdá 2.79 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Ọmọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ ti kọ ara wọn, tó ń lo ọ̀sẹ̀ kan níhìn-ín, ọ̀sẹ̀ kan lọ́hùn-ún, olúkúlùkù wọn lè rò pé ẹnì kejì ti kọ ọ́. Ọmọ ọwọ́ tó wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà náà a máa bọ́ sílẹ̀. Ti akẹ́kọ̀ọ́ yàtọ̀ sí èyí: ilé-ẹ̀kọ́ kọ orúkọ rẹ̀, òbí rẹ̀ tún kọ ọ́ nílé. Nígbà tí kòrónà lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kúrò ní họ́sítẹ́ẹ̀lì ní ìbẹ̀rẹ̀ 2020, iléeṣẹ́ náà ní kí wọ́n ṣì kà wọ́n sí ìlú yunifásítì tí wọn ì bá wà, ṣùgbọ́n ìgbà yẹn, ilé òbí ni ọ̀pọ̀ wọn jókòó sí tí wọ́n ti ń kún fọ́ọ̀mù.