Ìgbẹ́, èémí àti abẹ́ ìyẹ́: bí a ṣe ń mọ ohun tó ń ṣe adìẹ ẹ̀yìnkùlé, àti oògùn tó bá a mu

Adìẹ kì í tètè jẹ́ kí àìsàn rẹ̀ hàn. Èyí tí ara rẹ̀ kò bá le ni àwọn tó kù máa ń ṣá lórí, tí wọ́n ń lé kúrò nídìí oúnjẹ. Nítorí náà, aláìsàn á máa bá wọn rìn, á máa ta ilẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, títí okun inú rẹ̀ á fi tán. Ọjọ́ tí ẹni tó ni ín bá rí i tó sorí kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tó wú ìyẹ́ bora, tó di ojú lọ́sàn-án gangan, àìsàn náà kì í ṣe tọjọ́ yẹn. Ní Òṣogbo, adìẹ agboolé kan ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun tàbí Òkè-Báálẹ̀ lè jẹ̀ dé ẹ̀yìnkùlé mẹ́ta mẹ́rin kó tó di ìrọ̀lẹ́, kó sì mu omi gọ́tà tí adìẹ ẹlòmíì ti yàgbẹ́ sí. Kí olówó rẹ̀ tó fura, àrùn ti kárí àdúgbò.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ ń ṣe ni pé wọ́n á já kápúsù tẹtrasáíkílìn sínú omi fún gbogbo wọn. Oògùn náà wúlò, ṣùgbọ́n bakitéríà nìkan ló ń bá jà. Kò pa fáírọ́ọ̀sì, kò pa aràn, kò sì kan iná, kòkòrò kéékèèké tó ń rìn lábẹ́ ìyẹ́. Ibi mẹ́ta ni a ó wò kí a tó mọ èyí tó wà nílẹ̀: ìgbẹ́, èémí, àti awọ tó wà lábẹ́ ìyẹ́. Àmọ́ kí a tó wo ohunkóhun, kí a yọ aláìsàn kúrò láàárín àwọn yòókù. Àgò tirẹ̀ lọ́tọ̀, agolo omi tirẹ̀ lọ́tọ̀. Àwọn tí ara wọn le ni a ó kọ́kọ́ fún lóúnjẹ, aláìsàn ni a ó fún kẹ́yìn, a ó sì fọwọ́.

Àárọ̀ ni ìgbẹ́ rọrùn láti yẹ̀ wò, nítorí gbogbo rẹ̀ wà lójú kan lábẹ́ ibi tí wọ́n sùn. Ìgbẹ́ tó dára máa ń dì, àwọ̀ rẹ̀ á jọ ti ilẹ̀ tàbí ti eérú, funfun díẹ̀ á sì wà lórí rẹ̀. Funfun yẹn ni ìtọ̀ adìẹ. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, adìẹ á tún yà èyí tó rọ̀, tó pọ́n dúdú, tó ń lẹ̀ mọ́ nǹkan, tó sì ń rùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn rárá, síbẹ̀ owó oògùn tí àwọn èèyàn ti ná lé e lórí kò kéré.

Ẹ̀jẹ̀ ni kò yẹ kó wà níbẹ̀. Bí òròmọdìẹ tó wà láàárín ọ̀sẹ̀ 3 sí 6 bá ń yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, tí apá wọn wọ́ sílẹ̀, tí wọ́n kóra jọ bíi pé òtútù ń mú wọn, àrùn tí àwọn olùsìn adìẹ ń pè ní coccidiosis ni a ó kọ́kọ́ fura sí. Kòkòrò kan tí ojú kò lè rí, Eimeria, ló ń fà á. Ẹyin rẹ̀ ń bá ìgbẹ́ jáde, ṣùgbọ́n kò tíì lè pani lára nígbà yẹn. Ó nílò ooru àti ọ̀rinrin fún bí ọjọ́ 1 sí 2 kó tó gbó. Bí òròmọdìẹ bá ṣà á jẹ lẹ́yìn ìyẹn, á wọ ara ìfun, á máa bí sí i níbẹ̀, á sì máa ba ìfun náà jẹ́ títí ẹ̀jẹ̀ á fi máa tú. Láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹyin tuntun á tún ti máa jáde. Oògùn apakòkòrò tí a fi ń fọ ilẹ̀ kì í sábà ràn án. Gbígbẹ ni ọ̀tá rẹ̀. Nígbà òjò, èérún pákó tó ti rin nídìí ohun ìmumi ni ibi tó léwu jù, ó sì yẹ kí a máa kó o dànù lójoojúmọ́, kí a fi gbígbẹ rọ́pò rẹ̀.

Oògùn rẹ̀ ni amprolium. Bí ó bá jẹ́ ìyẹ̀fun tí wọ́n kọ 20% sí lára, gíráàmù 1.2 ni a ń pò mọ́ lítà omi kan fún ọjọ́ 3 sí 5, a ó wá dín in kù sí gíráàmù 0.3 fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Omi yìí nìkan ni kí wọ́n máa mu. Amprolium jọ fítámìnì B1 débi pé kòkòrò náà á gbé e mì dípò fítámìnì, ebi á sì pa á. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a da ìyẹ̀fun fítámìnì tí B1 wà nínú rẹ̀ mọ́ ọn ní ọjọ́ tí ìtọ́jú ń lọ. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ń bọ́ kòkòrò tó fẹ́ pa.

Ìgbẹ́ tó ṣàn bí omi, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Òun nìkan kò tó láti fi dájọ́, nítorí adìẹ tí kò jẹun fún ọjọ́ méjì náà lè yà á. Ṣùgbọ́n bí ó bá wà pẹ̀lú ọrùn tó ń lọ́, ẹsẹ̀ tàbí apá tó rọ, èémí tó ń ṣòro, tí adìẹ bíi mélòó kan sì kú tẹ̀ léra wọn, lúkúlúkú ni kí a fura sí. Newcastle ni àwọn dókítà ẹran ń pè é, orúkọ ìlú kan ní England tó ti jà ní 1926. Ní Nàìjíríà, agbègbè Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàkọsílẹ̀ rẹ̀, láàárín oṣù kejìlá 1952 àti oṣù kejì 1953. Àsìkò ọyẹ́ nìyẹn, àsìkò ọyẹ́ náà ló sì ṣì máa ń jà jù lọ títí di òní.

Fáírọ́ọ̀sì ni, kò sí oògùn tó ń wò ó. Kápúsù kò ràn án, ewúro kò ràn án, omi ata kò ràn án. Àjẹsára ṣáájú kó tó dé ni ọ̀nà kan ṣoṣo. LaSota ni wọ́n máa ń fi sínú omi mímu: a ó gba omi lọ́wọ́ adìẹ fún wákàtí 1 sí 2 kí òùngbẹ lè gbẹ wọ́n, a ó po àjẹsára mọ́ omi kànga tí kò ní kẹ́míkà, sínú ike, wọn a sì mu ún tán láàárín wákàtí 2. Omi ẹ̀rọ tí wọ́n ti fi kolorín sí á pa àjẹsára náà kó tó dé ẹnu adìẹ. Èyí tó tún bá adìẹ ìbílẹ̀ mu gan-an ni I-2, tí a ń kán sójú, ẹ̀kán kan fún adìẹ kan, nítorí pé ó ń fara da ooru díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Ilé iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran ti ìjọba àpapọ̀ ní Vom, ìpínlẹ̀ Plateau, ń ṣe é. Kí a máa tún un ṣe ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, kí ọ̀kan nínú rẹ̀ sì bọ́ sí ìparí òjò, kí ọyẹ́ tó wọlé. Adìẹ tí ara rẹ̀ le nìkan ni a ń fún.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ìgò àjẹsára kan lè tó adìẹ 100 tàbí 200, bí a bá sì ti po ó, kò ṣeé tọ́jú di ọ̀la. Ẹni tó ní adìẹ méje kò ní fẹ́ rà á. Nítorí náà, ó dára kí agboolé mẹ́fà tàbí ẹ̀gbẹ́ ojúlé kan rà á pọ̀, kí wọ́n pe dókítà ẹran kan, kí wọ́n kán an sójú gbogbo adìẹ àdúgbò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí wọ́n ti wọlé sùn. Ó dín owó kù, ó sì ń dáàbò bo adìẹ ju kí ẹnì kan ṣoṣo ṣe tirẹ̀ lọ, nítorí adìẹ aládùúgbò tí kò gbà á ni yóò gbé àrùn wọlé.

Bí ikú bá ti bẹ̀rẹ̀, ìṣe tó ń tan àrùn kálẹ̀ jù ni kí a sáré kó àwọn tó kù lọ sọ́jà Ìgbọ̀nà kí owó má baà ṣòfò. Òkú adìẹ kò gbọdọ̀ bọ́ sódò Ọ̀ṣun tàbí orí ààtàn. Kí a sun ún, tàbí kí a sin ín jinlẹ̀ débi tí ajá kò ní lè hú u. Bí ọ̀pọ̀ bá kú lójijì lẹ́ẹ̀kan náà, tí ogbe wọn wú, tí ó sì di àwọ̀ àlùkò, ó lè jẹ́ àrùn adìẹ H5N1, tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Nàìjíríà ní ìpínlẹ̀ Kaduna ní oṣù kejì 2006. Èyí ń ran èèyàn. Kí ẹnikẹ́ni má pa wọ́n jẹ, kí a má fọwọ́ lásán kan wọ́n, kí a ké sí dókítà ẹran ìjọba lójú ẹsẹ̀.

Èémí ni ti alẹ́. Bí gbogbo wọn bá ti dákẹ́, ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà á gbọ́ èyí tó ń hanrun, tó ń sín. Bí ojú rẹ̀ bá wú, tí ikun ń jáde nímú, bakitéríà ni ó sábà máa ń jẹ́, níbí sì ni tylosin tàbí doxycycline ti wúlò, pẹ̀lú ìwọ̀n tí dókítà ẹran bá sọ. Kí a lo ó pé, kí a má sì jẹ ẹyin tàbí ẹran adìẹ náà títí ọjọ́ tí wọ́n kọ sára oògùn á fi pé. Nígbà mìíràn, òórùn ìtọ̀ inú ilé adìẹ tí afẹ́fẹ́ kò wọ̀ ló ń fa ikọ́ náà. Fèrèsé ni oògùn ìyẹn.

Aràn kì í pariwo. Adìẹ á máa jẹun, á sì máa fúyẹ́. Eegun àyà rẹ̀ á mú bí a bá gbé e, ogbe rẹ̀ á funfun, ẹyin á dín. Ẹyin aràn tó bá ìgbẹ́ jáde á gbó nínú iyẹ̀pẹ̀ láàárín bí ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí náà adìẹ tó ń jẹ̀ nílẹ̀ kò lè ṣe kó má ní díẹ̀. Piperazine ń lé aràn gbọọrọ jáde, levamisole tàbí fenbendazole ń ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ aràn pẹlẹbẹ tí wọ́n ń kó lára èèrà àti àwọn kòkòrò ilẹ̀ mìíràn fẹ́ oògùn tirẹ̀, praziquantel. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta dára fún adìẹ ẹ̀yìnkùlé.

Lábẹ́ ìyẹ́, ìdí àti abẹ́ apá ni kí a là wò. Iná kì í kúrò lára adìẹ. Ẹyin rẹ̀ funfun, ó dì mọ́ ìsàlẹ̀ ìyẹ́. Ìyẹ̀fun permethrin tí wọ́n ṣe fún adìẹ ni a ń bù sí i, a ó tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ 7 sí 10, nítorí kò pa ẹyin. Eégbọn adìẹ àti àwọn kòkòrò pupa kéékèèké yàtọ̀: inú ihò pákó ni wọ́n ń sá sí lọ́sàn-án, òru ni wọ́n ń jáde mu ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá wo adìẹ lọ́sàn-án nìkan kò ní rí nǹkan kan. Iná tọ́ọ̀ṣì lóru ló ń tú wọn fó, ilé adìẹ fúnra rẹ̀ ni a ó sì tọ́jú, gbogbo ihò rẹ̀. Ọtapíápíá kò gbọdọ̀ kan ara adìẹ: ó ń gba awọ wọlé, ó lè pa á, ó sì lè wọ inú ẹyin tí ọmọ máa jẹ. Fún ẹsẹ̀ tí ìpẹ́ rẹ̀ wú sókè, àdín tàbí fasilíìnì tí a fi pa á dáadáa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ á dí èémí kòkòrò tó wà lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń tó oṣù kan kó tó san. Eéwo gbígbẹ tó yọ sórí ogbe àti ojú nígbà tí ẹ̀fọn pọ̀ jẹ́ fowl pox. Kò ní oògùn, ó sábà máa ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bí kò bá wọ ẹnu. Kí a fi ayodíìnì pa á, kí a da omi tó dúró sí àyíká nù.

Adìẹ tuntun tí a rà lọ́jà ni ọ̀nà tí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí ń gbà wọlé. Ọjọ́ 21 ni kó fi dá wà, jìnnà sí àwọn ti ilé, kí a fún un ní oògùn aràn, kí a là á wò lábẹ́ ìyẹ́, kí ó sì gba àjẹsára tirẹ̀ kí a tó ṣílẹ̀kùn fún un.