“Oorun Ni Wọ́n Ń Sùn, Ẹ Má Jí Wọn”

Ìgbàgbọ́ kan wà tí kì í kú ní àwọn wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ nílùú Ìbàdàn, ì báà jẹ́ ti ìjọba tàbí ti aládàáni: pé aláìsàn tó bá ń ké ni àìsàn rẹ̀ le jù, àti pé èyí tó bá ti dákẹ́, tó sì ti sùn, ara rẹ̀ ti ń balẹ̀ nìyẹn. Láti inú rẹ̀ ni ẹ̀sùn ti ń jáde pé àwọn nọ́ọ̀sì kò láàánú, nítorí pé wọ́n gba iwájú ẹni tó ń ké “ẹ gbà mí o” kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń sùn jẹ́jẹ́. Ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ tí mo fi ṣe àkọlé ti wá. Ìfẹ́ ni àwọn ẹbí fi ń sọ ọ́, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ìfẹ́ yẹn ti dí ọ̀nà mọ́ èmi àti àwọn nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ mi lóru ju bó ṣe yẹ lọ.

N kò ní pẹ́ lórí apá àkọ́kọ́. Ẹni tó ń ké ń mí. Ẹ̀jẹ̀ ń dé ọpọlọ rẹ̀ débi tó fi mọ ibi tó ń dun òun, tó sì mọ ẹni tí òun fẹ́ ké sí. Ìrora rẹ̀ kì í ṣe àwàdà, a sì gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀, àmọ́ lójú ẹni tó ń pinnu aláìsàn tí yóò kọ́kọ́ dá lóhùn, ọ̀nà ọ̀fun, mímí àti ẹ̀jẹ̀ tó ń yí ara ká ló ń ṣáájú. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń gba aláìsàn wọn níyànjú pé kó pariwo, wọ́n á ní ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Wọn kò mọ̀ pé ìdí gan-an tí nọ́ọ̀sì fi ń kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó dákẹ́ ni wọ́n fẹnu ara wọn sọ yẹn.

Oorun ni ìṣòro tèmi. Ẹ wo bàbá kan tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ inú fún láàárọ̀. Láti ọ̀sán ni wọ́n ti ń kérora. Nígbà tó di alẹ́, wọ́n gba abẹ́rẹ́ ìrora, wọ́n sì sùn. Ìyàwó wọn ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ wọn, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, nítorí pé wọ́n ti ń hanrun, oorun náà sì ti wọra. Nọ́ọ̀sì dé, ó fi ìka méjì lé ọrùn ọwọ́ bàbá, ó dúró síbẹ̀ fún odindi ìṣẹ́jú kan, kò sọ nǹkan kan. Ẹni tó bá ń wò ó á rò pé ó ń ka bí iṣan ṣe ń lù ni, tàbí pé kò rí nǹkan kan ṣe. Àyà bàbá ló ń wò láti abẹ́ aṣọ ìbora, tó ń ka bó ṣe ń gbé sókè, tó sì ń sọ̀ kalẹ̀. Ọwọ́ tó fi di ọrùn ọwọ́ mú kò ju ọgbọ́n lọ, torí pé bí ẹnikẹ́ni bá ti mọ̀ pé wọ́n ń ka èémí òun, kò ní mí bó ṣe ń mí tẹ́lẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ló tẹ èjìká wọn, tó pè wọ́n lórúkọ. Ìgbà yẹn ni ìjà bẹ̀rẹ̀.

Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá, tó jókòó jẹ́jẹ́, a máa mí nǹkan bí ìgbà 12 sí 20 láàárín ìṣẹ́jú kan. Àwọn oògùn ìrora tó lágbára, irú bíi morphine àti pentazocine, àti tramadol pàápàá bó bá pọ̀ jù, kì í pa ìrora nìkan. Wọ́n tún máa ń mú kí apá ibi tó ń pàṣẹ mímí nínú ọpọlọ dẹra. Ohun tó ń ta ọpọlọ jí pé ó tó àkókò láti mí ni kábọ́ọ̀nù-dáyọ́sáìdì, ìyẹn atẹ́gùn tí ara ti lò tán, tó ń kó jọ sínú ẹ̀jẹ̀. Bí oògùn kò bá jẹ́ kí ọpọlọ kọbi ara sí i mọ́, mímí á dín kù, atẹ́gùn yẹn á túbọ̀ pọ̀, bó bá sì ti pọ̀ jù, òun fúnra rẹ̀ á máa kun ènìyàn lóorun. Híhanrun tó ń dùn mọ́ ẹbí nínú lè jẹ́ ahọ́n tó ti ṣubú sẹ́yìn, tó dí ọ̀nà ọ̀fun lábọ̀.

Ìlànà NEWS, tí a fi ń fún aláìsàn ní àmì kí a lè tètè mọ ẹni tí ara rẹ̀ ń burú sí i, tí Royal College of Physicians, ẹgbẹ́ àwọn dókítà, gbé jáde ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 2012, tí wọ́n sì tún ṣe lọ́dún 2017, fún ẹni tó ń mí ìgbà 8 tàbí tí kò tó bẹ́ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan ní àmì 3, èyí tó ga jù lọ fún ohun ẹyọ kan. Àmì 3 kan náà ló fún ẹni tí kì í dáhùn àfi bí a bá pè é. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ní ká má jí aláìsàn sọ fún mi bí a ó ṣe mọ̀ bóyá ẹni tó ń sùn máa dáhùn, láìjẹ́ pé a pè é.

Èsì tí mo máa ń gbà ni ẹ̀rọ kékeré tó ń há ìka. Láti ìgbà kòrónà lọ́dún 2020 ni àwọn ẹbí kan ti ń gbé tiwọn wá láti ilé, wọ́n á nà án sí mi: “98 ni, àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ wò ó fúnra yín.” Mo ti wò ó. Ẹ̀rọ náà dára. Takuo Aoyagi, ará Japan, ló ronú kan ọgbọ́n tó ń lò ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ó sì ti gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n ohun méjì péré ló ń wọ̀n: ìwọ̀n ọ́síjìn tí ẹ̀jẹ̀ gbé, ìyẹn 98 yẹn, àti bí iṣan ṣe ń lù. Kì í ka iye ìgbà tí ènìyàn mí, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ nǹkan kan nípa atẹ́gùn tó yẹ kó jáde tí kò jáde. Bí aláìsàn bá sì wà lórí ọ́síjìn, nọ́ńbà yẹn lè wà ní 98 fún ìgbà pípẹ́ nígbà tí mímí rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀. Bí ilé ìdáná tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀ pa ló rí: àtùpà ṣì ń tàn, èéfín sì ń kún inú ilé. Àtùpà ni ẹ̀rọ náà ń wò.

Kò tán síbẹ̀. Lọ́dún 2020 kan náà, àwọn oníṣègùn ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé ẹ̀rọ yìí máa ń gbójú fo àìtó ọ́síjìn lára aláwọ̀ dúdú ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti aláwọ̀ funfun. Ìbàdàn la wà yìí. Ẹ fi làálì dúdú tàbí ọ̀dà èékánná kún un, ẹ fi ìka tó ti tutù kún un, kí ẹ wá sọ fún mi bí 98 yẹn ṣe dá yín lójú tó.

Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà sínú náà kì í pariwo. Nínú ara àgbàlagbà tó wọn kìlógíráàmù 70, ẹ̀jẹ̀ tó wà níbẹ̀ tó lítà 5; ó lè pàdánù lítà kan kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó já wálẹ̀, nítorí pé ọkàn á máa sáré láti dí àlàfo náà. Ohun tí a kọ́kọ́ ń rí ni iṣan tó ń yára lù, ọwọ́ tó tutù, ìtọ̀ tó dín kù, àti aláìsàn tí ara rẹ̀ kò lélẹ̀, lẹ́yìn náà tó wá ń tòògbé. Ẹbí á ní ó ti rí oorun sùn níkẹyìn.

Síbẹ̀, n kò lè sọ pé ariwo kò já mọ́ nǹkan kan. Ẹni tí wọ́n di ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú píọ́ọ̀pù (POP) tí wọ́n fi ń di egungun tó ṣẹ́, tó ń ké ju bó ṣe yẹ lọ, tí oògùn kò sì ràn án, lè jẹ́ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ kò dé ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa mọ́. Tirẹ̀ kì í dúró di òwúrọ̀. Èyí tó ń pariwo ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀, tí kì í sì ṣe ìṣe rẹ̀, ọpọlọ rẹ̀ lè máa bẹ̀bẹ̀ fún ọ́síjìn tàbí ṣúgà. Mo sì gbà pé kì í ṣe gbogbo nọ́ọ̀sì tó kọjá lọ láìdáhùn ló ní ìdí tó dára. Lóru, níbi tí nọ́ọ̀sì kò ti tó nǹkan tí bẹ́ẹ̀dì sì kún, àárẹ̀ wà, àṣìṣe náà wà. Ọ̀pọ̀ oorun lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ló jẹ́ oorun lóòótọ́, aláìsàn sì nílò rẹ̀. Gbogbo ohun tí mo ń sọ ni pé a kì í dúró lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mọ èyí tí ó jẹ́.

Nítorí náà, ẹ má fún aláìsàn ní oògùn ìrora tàbí oògùn oorun tí ẹ mú láti ilé lórí èyí tí ilé ìwòsàn ti fún un, ẹ má sì fún un ní àgbo ní kọ̀rọ̀. Ẹ má fọwọ́ kan bọ́tìnì ọ́síjìn. Bí ẹ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ó ń sùn, ẹ pè é lórúkọ. Bó bá lajú, tó sọ ibi tó wà, tó sì bínú pé ẹ jí òun, ẹ jẹ́ kó padà sùn. Bó bá lajú, tó sì tún sùn kí ó tó parí gbólóhùn kan, tàbí tó ń hanrun tí híhanrun náà ń dá dúró, ẹ ké sí nọ́ọ̀sì, kí ẹ pariwo bó bá gbà bẹ́ẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé nọ́ọ̀sì ti wá ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sẹ́yìn, tó tún padà wá láti jí i, ẹ sún fún un.