Kì Í Ṣe Gbogbo Àbùkù Ara Kọ́bọ̀ Oníhò Ni Àṣìrọ

Bí ẹ bá tú àpótí ìyá àgbà palẹ̀, ẹ lè bá kọ́bọ̀ oníhò kan níbẹ̀ tí wọ́n kọ EDWARDVS VIII àti 1936 sí lára. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti gbé e wá bá mi tayọ̀tayọ̀ pé àwọn rí owó tí wọ́n ṣì rọ. Wọ́n ti gbọ́ pé Edward Kẹjọ, ọba Gẹ̀ẹ́sì tó ni orúkọ yẹn, ò lo ọdún kan tó fi gbé adé sílẹ̀, àti pé wọn ò ná owó tó ní orí rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òótọ́ ni. Àmọ́ kọ́bọ̀ oníhò tiwa kì í ní orí ọba. Adé àti orúkọ nìkan ló ń gbé, kò sì gba àkókò kí wọ́n tó rọ ọ́ fún Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ó pọ̀ nílẹ̀. Ihò àárín rẹ̀ kì í ṣe àbùkù, ìràwọ̀ onígun mẹ́fà ẹ̀yìn rẹ̀ náà kì í ṣe àbùkù.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ń wádìí lára owó ni ibi tí ọ̀ràn náà ti ṣẹlẹ̀ sí i. Èyí tó bá ṣẹlẹ̀ nílé ìrọwó, kí òǹtẹ̀ tí wọ́n fi ń tẹ àwòrán sára owó tó kúrò lára irin, òun ni àṣìrọ. Èyí tí òòlù, iná tàbí fáìlì bá ṣe lẹ́yìn náà, owó ti fara pa ni, kò ní iye lórí.

Arábìnrin kan mú kọ́bọ̀ 1920 wá, èyí tó ní H ilé ìrọwó Heaton ní Birmingham lára. Etí rẹ̀ kan ti jẹ wọnú bí òṣùpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Ọkọ rẹ̀ ní wọ́n fi fáìlì gé e ni. Mi ò wo ojú ibi tó jẹ. Ọ̀kánkán rẹ̀ ní òdìkejì ni mo wò. Etí ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kò ga bí ti ibi yòókù. Ayọ̀ mi kún, torí àmì yẹn ṣòro fún oníjìbìtì láti ṣe. Ṣé ẹ rí i, wọ́n máa ń gé owó láti ara irin pẹlẹbẹ bí ìgbà tí èèyàn ń fi ẹnu ife gé ìyẹ̀fun pípò fún míìtì-páì. Bí ife bá gun ojú ihò tó ti gé tẹ́lẹ̀, èyí tó bá gé, etí rẹ̀ á jẹ wọnú. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ á fún etí rẹ̀ mọ́ra láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kó lè ga. Níbi tó ti jẹ, kò sí irin tó máa ti ẹ̀rọ padà, ni ọ̀kánkán rẹ̀ ò bá ní lè ga.

Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ńkọ́? Ẹ fi èékánná yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá yọ sókè, òǹtẹ̀ ló sán, tí irin ṣàn wọnú ojú sísán náà. Bó bá rì wọlé, nǹkan ló họ ọ́. Ìdánwò yìí nìkan ti yanjú ìdajì ohun tí wọ́n ń gbé wá bá mi.

Ihò tí ọmọ ẹ̀yìn alágbẹ̀dẹ lu sí ṣílè kó lè so ó mọ́ ọrùn kì í ṣe àṣìrọ, bó ti wù kó dán tó. Ihò ilé ìrọwó ní etí tó ga díẹ̀ yí i ká. Ti ìta máa ń ṣe gán-ún-gàn-ùn.

Èyí tó ṣọ̀wọ́n gan-an ni kí wọ́n gbé òǹtẹ̀ owó méjì pọ̀. Ó ṣẹlẹ̀ ní 1936 sí kọ́bọ̀ oníhò kan náà yìí: òǹtẹ̀ ojú kan jẹ́ ti Ìwọ̀ Oòrùn, ìkejì sì jẹ́ ti owó sẹ́ǹtì mẹ́wàá tí wọ́n ń ná ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà. Torí náà, ojú méjèèjì ni kí ẹ máa kà.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́. Ó ń dùn mí bí wọ́n bá gbé owó gidi dé tó ti ń kọ mànà, tí gbogbo àmì tí mo fẹ́ wò ti bá kànìnkànìn lọ. Etí ni kí ẹ fi ọwọ́ dì í mú. Ẹ wé e sínú bébà gbígbẹ, kí ẹ kọ ibi tí ẹ ti rí i sára bébà náà, kí ẹ wá gbé e wá bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìdọ̀tí rẹ̀.