Bí Ayẹ̀wò Máàpù Pàjáwìrì Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Ní ọjọ́ 12 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2010, ìmìtìtì ilẹ̀ wó ìlú Port-au-Prince ní orílẹ̀-èdè Haiti. Ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń ya máàpù orílẹ̀-èdè náà wà lára ohun tó wó, àwọn tó mọ iṣẹ́ náà dunjú sì bá a lọ. Àwọn adóòlà ẹ̀mí ń wọ̀lú láti òkèèrè, wọn ò rí máàpù gidi tí wọ́n lè tẹ̀ lé.

OpenStreetMap ti wà nígbà yẹn. Steve Coast ló dá a sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2004, kí ẹnikẹ́ni lè lọ́wọ́ sí yíya máàpù ayé, kí gbogbo èèyàn sì máa lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. GeoEye àti DigitalGlobe, tí wọ́n ní sátẹ́láìtì, yọ̀ǹda àwòrán tuntun ìlú náà. Láàárín oṣù kan, àwọn tó lé ní 600 ti ń wo àwòrán yìí káàkiri ayé, tí wọ́n ń ya títì àti ilé sórí máàpù. Àwọn adóòlà ẹ̀mí gbé e sínú GPS ọwọ́ wọn. Iṣẹ́ tó yẹ ká bọ̀wọ̀ fún ni. Àmọ́ èèyàn méjì lè ya títì kan náà, kí àdúgbò kejì má rí ẹnì kankan, kò sì sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ibi báyìí ti péye.

Ibẹ̀ ni ayẹ̀wò ti ṣẹ̀. Díẹ̀ lára àwọn tó ṣe iṣẹ́ Haiti sọ ara wọn di àjọ nínú ọdún náà, wọ́n pè é ní Humanitarian OpenStreetMap Team. Lọ́dún 2011, wọ́n gbé Tasking Manager jáde, ìkànnì tí wọ́n fi ń pín iṣẹ́ máàpù. Ó máa ń gé ibi tí àjálù ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn àyè kéékèèké onígun mẹ́rin. Ẹni tó bá mú ọ̀kan tì í pa fún ara rẹ̀. Tó bá ṣe tán, á sàmì sí i. Lẹ́yìn náà, ẹlòmíràn á ṣí i, á wò ó fínnífínní, á sì fọwọ́ sí i tàbí kó dá a padà. Lójú tèmi, ẹnì kejì yìí ló sọ ìyọ̀ǹda-ara-ẹni di iṣẹ́ tí ìjọba lè gbára lé.

Kí ni olùyẹ̀wò ń wá? Ilé tó gun ilé, títì tó gba inú yàrá kọjá, odò tó gba orí títì láìsí afárá. Èyí tó burú jù ni títì méjì tí ojú rí bíi pé wọ́n pàdé, tí wọn kò sì kan ara wọn. Ojú èèyàn kò ní rí àlàfo náà, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò ọ̀nà á gbà pé ọ̀nà ti gé níbẹ̀, á sì darí ọkọ̀ tó gbé aláìsàn gba ibi tó jìn. JOSM, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń ya máàpù náà, lè tọ́ka sí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó mọṣẹ́ ló máa pinnu.

Ìjì Haiyan tó jà ní Philippines ní oṣù kọkànlá ọdún 2013 kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ kejì. Wọ́n ní kí àwọn olùyọ̀ǹda sàmì sí ilé tó bàjẹ́. Nígbà tí Red Cross ti Amẹ́ríkà àti REACH, tó ń ṣe ìwádìí níbi tí àjálù bá ṣẹlẹ̀, fi ẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀ lọ wò ó, ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n pè ní èyí tó wó pátápátá ni kò wó. Láti òkè, òrùlé nìkan la ń rí: ìjì lè ká páànù kúrò kí ògiri ṣì dúró. Wọ́n wá ń fi ọ̀rọ̀ pé ilé báyìí bàjẹ́ sílẹ̀ fún àwọn onímọ̀, kí àwọn olùyọ̀ǹda gbájú mọ́ títì àti ilé. Nígbà tí Missing Maps, iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe láti ya àwọn ibi tí kò sí lórí máàpù, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2014, ó ti wà nínú ètò rẹ̀ pé àwọn ará ìlú fúnra wọn á fi orúkọ sí ohun tí àjèjì bá yà.

Nepal, oṣù kẹrin ọdún 2015, ìmìtìtì ilẹ̀ míì. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló dá sí i, púpọ̀ nínú wọn kò ya máàpù rí. Àwọn òkè ibẹ̀ máa ń mú kí àwòrán sátẹ́láìtì yẹ̀ kúrò lójú ibi tó yẹ kó wà, ìdí nìyẹn tí ilé tí wọ́n yà dáadáa fi lè bọ́ sí ibi tí kì í ṣe tirẹ̀. Kathmandu Living Labs, àjọ ìbílẹ̀ tó ń ya máàpù níbẹ̀, ló ń tọ́ wọn sọ́nà. Àwọn àyè onígun mẹ́rin tí wọ́n ti yà pọ̀ ju àwọn tó lè yẹ̀ ẹ́ wò lọ, torí náà ni wọ́n ṣe wá ń kọ́ olùyẹ̀wò lọ́tọ̀, tí Tasking Manager sì ń jẹ́ kí olórí iṣẹ́ fi ayẹ̀wò mọ sọ́dọ̀ àwọn tó nírìírí.